Ṣé ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ lo ìsinmi ní Benin àti Togo? Ohun tó yẹ kí ẹ pèsè sílẹ̀ rèé

Ọ̀nà etíkun láti Kùtọnù lọ sí Lomé tẹ́jú, kò sì ní òkè tó le. Àmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ló máa ń dá arìnrìnàjò padà ní ibodè bí kò ṣe ìwé tí kò pé.

Ìwé ìrìnnà

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè inú àjọ náà láǹfààní láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn láì gba físà. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní Sèmè àti Hillacondji.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ẹ gba ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò, nítorí pé káàdì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ayé.

Ara àti kẹ̀kẹ́

Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 150. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sùn ní Ouidah àti Grand-Popo. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ fi ẹrù ìrìnàjò gan-an gun kẹ̀kẹ́ nílé, kí ara lè mọ̀ ọ́n. Ẹ mú túùbù, pọ́ǹpù, akoto àti iná dání.

Owó sẹfa ni wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, èdè Faransé sì ni ti ìjọba.