Ìpàdé PTA: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ló Yẹ Kó Ṣíwájú Owó

Ní ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù ni wọ́n sábà máa ń pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PTA. Òbí ni alága, tíṣà kan sì sábà máa ń jẹ́ akọ̀wé. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀rọ̀ a kan owó: òrùlé tó ń jò, ṣaláńgá tó kún, owó oṣù tíṣà tí PTA fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ torí pé tìjọba ò kárí. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, oòrùn ti kan àtàrí, àwọn ọlọ́jà ti ń dìde lọ.

Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ọdún 2004 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, kí òbí sì rí i pé ọmọ lọ síléèwé. Òbí tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bó bá tún dẹ́ṣẹ̀ náà, ó lè san ₦2,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè sọ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ yé e. Ojú lọ̀rọ̀ wà: àfi kí òbí àti tíṣà rí ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè ìpàdé yìí, ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ọmọ wò, kí ẹ sì mú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ dání. Níbi tí tẹ́ẹ̀sì bá ti gba 40, tí ìdánwò ìparí táàmù gba 60, ọmọ tó gba 12 nínú tẹ́ẹ̀sì àti 45 nínú ìdánwò kì í ṣe olódo. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, tàbí pé ó máa ń pẹ́ dé. Àpapọ̀ 57 kò ní sọ ìyẹn fún yín. Tíṣà ló lè sọ ọ́.

Ẹ bi í pé: níbo lọmọ mi ń jókòó? Ṣé ó ń rí pátákó dáadáa? Ṣé ó máa ń béèrè ìbéèrè? Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ohun tí tíṣà ò mọ̀, bóyá ọmọ ń kiri ọjà nírọ̀lẹ́ ni, tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń gbé báyìí. “Tíṣà, ẹ bá mi nà án” kò lè rọ́pò àlàyé yìí.

Ẹ̀yin alága PTA, ẹ jẹ́ kí òbí kọ́kọ́ lọ rí tíṣà kíláàsì ọmọ wọn, kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀.