Nígbà ìwọ́wé, ẹlẹ́dẹ̀ àti ológbò ló ń ṣọ́ ẹṣin

Ẹni tó bá dé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá lè rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu: ẹlẹ́dẹ̀ ń rìn gbẹ̀fẹ́ lójú títì, ọkọ̀ sì dúró dè é kó kọjá. New Forest ni ibẹ̀ ń jẹ́, ní agbègbè Hampshire. Ọba William Kìn-ín-ní ló sọ ọ́ di igbó ọdẹ ara rẹ̀ lọ́dún 1079, ṣùgbọ́n lónìí, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó wà lágbègbè náà ló ń da ẹṣin, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀. Ilé tàbí ilẹ̀ tí èèyàn ní ló ń fún un lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti wù ló lè kó ẹran débẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò tí à ń wí yìí. Ooru ti lọ, òtútù kò tíì mú tán, ewé igi á pọ́n bí ọsàn kó tó já bọ́. Ó dùn ún wò. Àmọ́ ewé nìkan kọ́ ló ń já bọ́. Igi óákù pọ̀ nínú igbó náà, èso rẹ̀ a sì máa dà sílẹ̀ bí òjò. Àwọn ẹṣin a máa jẹ ẹ́. Díẹ̀ lè má ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù, pàápàá èyí tí kò tíì gbó, oje kíkorò inú rẹ̀ á ba ìfun àti kíndìnrín wọn jẹ́. Ẹṣin kò sì lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ó ti gbé e mì nìyẹn. Lọ́dún 2013 tí èso náà so wọ̀ǹtìwọnti, ọ̀pọ̀ ẹṣin àti màlúù ló tipa bẹ́ẹ̀ kú.

Ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀ ń jẹ èso yìí, ó sì ń sanra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú wọn sínú igbó, ó kéré tán fún 60 ọjọ́. Wọ́n á fi òrùka sí wọn nímú kí wọ́n má baà hú ilẹ̀ káàkiri. Nígbà tí wọ́n bá gba ẹṣin là tán, wọ́n á wá kó àwọn náà lọ sọ́jà ẹran. Ẹ gbọ́ èrè!

Àsìkò yìí náà ni wọ́n máa ń lé ẹṣin jọ láti yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní agister á gé irun ìrù wọn. Bí wọ́n bá ṣe gé e ló ń fi hàn pé olówó ẹṣin ti san owó ọdún náà, àti agister tí ẹṣin náà wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á já àwọn ọmọ ẹṣin kan lẹ́nu ọmú, wọ́n á tà wọ́n.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń ka àgbẹ̀ kékeré láyà. Èwo ni yóò tà, èwo ni yóò kó wálé? Ẹṣin tó wọn 300 kílò lè jẹ kílò mẹ́fà koríko gbígbẹ lójúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí dé ìparí oṣù kẹta, ìyẹn lé ní 900 kílò fún ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà ooru ni wọ́n sì ti ń gé koríko náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ nínú àká yóò rà á lówó gọbọi.

Ológbò ló ń ṣọ́ àká yìí. Bí òtútù bá ti ń dé, eku inú pápá a máa wá ibi tó móoru lọ, wọn kì í sì í fi oúnjẹ ẹṣin sílẹ̀. Wọ́n á tọ̀ sí i, wọ́n á gé awọ gàárì jẹ. Èyí tó burú jù ni kí ẹranko kékeré kan kú sínú ìdì koríko, nítorí májèlé lè ti ara òkú rẹ̀ jáde, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì tó láti pa ẹṣin. Àwọn kan gbà pé ebi ni ká fi pa ológbò kó lè ṣọdẹ dáadáa. Irọ́ ni. Ológbò tó yó ṣì ń pa eku. Èyí tí ebi ń pa ló ń ṣí lọ sílé ẹlòmíràn.

Kí oṣù kọkànlá tó dé, irun ẹṣin ti ń nípọn. Òtútù kọ́ ló dìídì ń fa èyí, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tó ń dínkù. Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa yin báńgà àti iná aláràbarà sójú ọ̀run, ní ìrántí àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1605. Ìnira ńlá ni lóko. Ẹṣin tí ẹ̀rù bà lè sáré gba inú wáyà ọgbà kọjá, kó fi ya ara, ológbò á sì há sí ẹ̀yìn ìdì koríko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àgbẹ̀ mìíràn á gbé àga síta, á jókòó ti àwọn ẹṣin rẹ̀ títí ariwo náà yóò fi rọlẹ̀.