Ètò Ìnáwó Ilé Ìwòsàn: Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Kumasi

Ní 1974, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé aláboyún àti ọmọdé sí ọgbà ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní Kumasi. Iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìkókó wá ń pín ibùsùn kan ṣoṣo. Ètò tẹlifíṣọ̀n kan fi èyí han gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2017. Àwọn ènìyàn dáwó, àjọ aláàánú aya ààrẹ sì kọ́ ẹ̀ka tuntun fún ìyá àti ọmọ. Ọrẹ lè kọ́lé, ṣùgbọ́n kì í san owó oṣù. Kí olórí ilé ìwòsàn tó gba irú ọrẹ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí iye nọ́ọ̀sì, ọ́síjìn àti iná mànàmáná tí yóò gbà lọ́dọọdún ti wà nínú ìṣirò rẹ̀.