Iṣẹ́ Dé Ibo? Bí JavaScript Ṣe Ń Ròyìn Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tó wà ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi fọ́tò àti ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ sórí fọ́ọ̀mù. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà ò ní sọ nǹkan kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà. Yóò tún un tẹ̀, fọ́ọ̀mù kan á di méjì. Èmi ò dá oníbàárà lẹ́bi. Ẹni tó kọ ojú-ewé náà ni kò jẹ́ kó mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

JavaScript, tí Brendan Eich ṣe fún Netscape ní 1995, ni bùráúsà fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ló sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tó máa pẹ́, bíi fífi fáìlì ránṣẹ́, kì í dúró tì í; á fi lé bùráúsà lọ́wọ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń gbà dání ni Promise, tó wọ inú èdè náà ní 2015.

Promise dà bí aṣọ tí o gbé fún télọ̀ ní Ọjà'ba. Èsì kan ṣoṣo ni télọ̀ máa fi ránṣẹ́: ó ti parí, tàbí ó ti bàjẹ́. Kò ní sọ pé òun ti gé e, pé apá ló kù. Nígbà kan, àkójọ kóòdù jQuery fi notify àti progress, tó ń ròyìn ibi tí iṣẹ́ dé, kún irú Promise tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò Promise fún èdè náà gan-an kò mú un. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa: bí Promise mẹ́ta bá so kọ́ra, èwo nínú wọn ni ká sọ pé ó dé ìdajì?

Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni kó máa ròyìn. A ó fún un ní function kan, royin, tí yóò máa pè bí fiRanse bá ti fi fáìlì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ tán:

async function gbe(awon, royin) {
  let pari = 0;
  for (const f of awon) {
    await fiRanse(f);
    pari++;
    royin(pari, awon.length);
  }
}

Ó tán, àbí? Kò tíì tán. Ká ní ayàwòrán kan láti Bẹyẹrúnkà fẹ́ gbé fọ́tò ìgbéyàwó 40 tí wọ́n ṣe ní Gbọ̀ngàn Mápó sókè, pẹ̀lú fídíò kan. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ MB 3, fídíò jẹ́ MB 880. Bí fọ́tò bá ti lọ tán, function yìí á ní 40 nínú 41 ti parí, bẹ́ẹ̀ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà péré ló ti lọ. Ìwọ̀n fáìlì ni kó kà, kì í ṣe iye wọn.

Láti mọ ibi tí fáìlì kan ṣoṣo dé, XMLHttpRequest àtijọ́ ṣì wúlò: upload rẹ̀ ń pe progress, ó sì ń fún wa ní loaded àti total. Fetch tó dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ jù ú lọ lójú, àmọ́ kò ní irú ìròyìn yìí fún ohun tí à ń fi ránṣẹ́. Ohun tí à ń gbà wọlé nìkan ni a lè máa kà díẹ̀díẹ̀ láti inú response.body. Níbẹ̀ náà, ṣọ́ra: bí wọ́n bá fi gzip fún un pọ̀, Content-Length á sọ ìwọ̀n tí wọ́n fún pọ̀, àwa á sì máa ka èyí tí wọ́n ti tú. Ìdá á kọjá ọgọ́rùn-ún.

Bó bá sì jẹ́ ìṣírò gígùn ni, tí kò dúró de ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí royin pariwo tó, ojú-ewé ò ní yí padà, torí bùráúsà ò ráyè kun ún. Await lórí Promise tó ti parí tẹ́lẹ̀ kò tó láti fún un láyè. Ẹ fi setTimeout dá iṣẹ́ náà dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ gbé e fún Worker, kó máa fi postMessage ròyìn.

Ọgọ́rùn-ún tí upload sì ń sọ, pé fáìlì ti kúrò lọ́dọ̀ wa ló túmọ̀ sí. Server ṣì lè máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ nígbà náà. Nítorí náà, bó bá ti kún, ẹ kọ "A ń yẹ̀ ẹ́ wò" síbẹ̀, kí bọ́tìnnì sì wà ní títì títí èsì Promise fúnra rẹ̀ yóò fi dé.