Lẹ́tà ǃ àti Kóòdù Rẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà ǃ jẹ́ ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ àwọn ìró tí ahọ́n ń ta lẹ́nu nínú àwọn èdè Khoekhoe àti San ní gúúsù Áfíríkà. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ǀ, ǁ àti ǂ. Ẹni tó bá fẹ́ pe ǃ yóò lẹ orí ahọ́n mọ́ àjà ẹnu lẹ́yìn erìgì, yóò sì já a kúrò lójijì, kí ó dún bí ìgbà tí a bá yọ ìdérí lẹ́nu ìgò. Ní Johannesburg, ojoojúmọ́ ni irú ìró yìí ń dún lẹ́nu àwọn tó ń sọ isiZulu àti isiXhosa, ṣùgbọ́n q ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí ó ti wà nínú iqanda, èyí tí í ṣe ẹyin. Lẹ́tà q wà lórí pátákó ìtẹ̀wé; ǃ kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni àmì ìyanu, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ènìyàn, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í wo ojú lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò àgbáyé tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+0021 ni àmì ìyanu, U+01C3 sì ni lẹ́tà ǃ. Báìtì kan ni UTF-8 fi ń tọ́jú ti àkọ́kọ́, méjì, C7 àti 83, ni ó fi ń tọ́jú ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ Diaǃkwain. Ó wà lára àwọn ará ǀXam tó sọ ìtàn àwọn baba ńlá wọn fún Wilhelm Bleek àti Lucy Lloyd ní Cape Town, nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1870. Kò sí ẹni tó ń sọ èdè ǀXam mọ́ lónìí. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wọn, tí UNESCO fi sínú àkójọ Memory of the World ní 1997, ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Bí a bá fi àmì ìyanu tẹ orúkọ yìí, kọ̀ǹpútà lè pín in sí méjì, Dia àti kwain. Ẹni tó bá sì fi lẹ́tà gidi wá a lè má rí i rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ǃKheis, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Northern Cape: tí a bá fi àmì ìyanu kọ ọ́, ó lè bọ́ síwájú A nínú àtòkọ.

Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2000 ni àkọmọ̀nà Gúúsù Áfíríkà, ǃke e: ǀxarra ǁke, ti wà ní èdè ǀXam lára àmì ọ̀pá àṣẹ orílẹ̀-èdè náà, tó fi dé orí ìwé ìrìnnà. Síbẹ̀, àmì ìyanu àti ìlà dídagun ni a sábà ń bá nínú àwọn ìwé ìjọba tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, Richard Lepsius, ló yan ìlà òòró fún irú ìró wọ̀nyí nínú ètò lẹ́tà tó gbé jáde ní 1855. Ìjọ CMS fọwọ́ sí ètò náà, tó tún ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ìwé Yorùbá ti ń ṣe. Ní 1989, àjọ International Phonetic Association gba ǃ wọlé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode, ti 1991, ti ní in, lábẹ́ orúkọ tó pè é ní lẹ́tà àmì ìyanu. Orúkọ tó rọ́pò rẹ̀ tún burú díẹ̀ sí i, nítorí ó sọ pé ahọ́n ń ká sẹ́yìn láti pe ìró náà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Unicode ni pé a kì í yí orúkọ padà mọ́, àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Lẹ́tà ǃ kò ní ẹ̀yà ńlá àti kékeré. Nítorí náà, bí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni a ń sọ di ńlá, bí K inú ǃKheis.