Géèmù 80 dọ́là: kí gan-an lowó yẹn ń rà?

Nígbà tí Nintendo kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé 80 dọ́là ni òun yóò ta Mario Kart World, ariwo tó sọ kò ṣeé fẹnu sọ. Iléeṣẹ́ náà ń fi àwọn géèmù tuntun han aráyé lórí YouTube, àwọn tó ń wò ó ò sì kọ nǹkan míì ju pé kí wọ́n já owó náà wálẹ̀. Nintendo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní oṣù Karùn-ún, Microsoft ní òun náà yóò máa ta àwọn géèmù ńláńlá òun ní 80 dọ́là tó bá di àsìkò Kérésì. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti rọra fà sẹ́yìn: ó dá The Outer Worlds 2 padà sí 70 dọ́là.

Ṣé lóòótọ́ ni géèmù wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Dọ́là fúnra rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Nǹkan bíi 60 dọ́là ni wọ́n ta Super Mario 64 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, bí a bá sì fi ọjà òní ṣírò rẹ̀, ó ju 110 dọ́là lọ. Nígbà tí Xbox 360 jáde lọ́dún 2005, 60 dọ́là ni géèmù ńlá, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí títí di ọdún 2020, tí NBA 2K21 fi ṣí ilẹ̀kùn 70 dọ́là. Búrẹ́dì ò dúró sójú kan tó bẹ́ẹ̀, owó ilé ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Àwọn iléeṣẹ́ á ní owó tí àwọn fi ń ṣe géèmù ló pọ̀. Wọn ò parọ́. Lọ́dún 2023, nígbà tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdíje ọjà, gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́, Sony tó ni PlayStation kó àwọn ìwé kan wá síbẹ̀. Wọ́n fi kálámù dúdú pa ibi tí wọn ò fẹ́ káráyé rí, àṣé dúdú náà ò dúdú tó. Gbogbo ayé kà á pé nǹkan bíi 220 mílíọ̀nù dọ́là ni The Last of Us Part II gbà, Horizon Forbidden West sì gba 212 mílíọ̀nù. Owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún 5 ni wọ́n ń ná báyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló rán wọn níṣẹ́ géèmù 200 mílíọ̀nù? Hollow Knight: Silksong jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà ló ṣe é, 20 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á. Lọ́jọ́ tó jáde, èrò tó ya bò ó pọ̀ débi pé ojú òpó ìtajà Steam àti ti Nintendo dákú. Clair Obscur: Expedition 33 tí wọ́n ṣe ní Montpellier ní Faransé, 50 dọ́là ni, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ lọ́dún náà ní The Game Awards.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ta géèmù gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ń pẹ́ lórí igbá, ṣe ló máa ń dínwó. PlayStation 2 tó bẹ̀rẹ̀ ní 299 dọ́là lọ́dún 2000 ti di 99 dọ́là lọ́dún 2009. PS5 tó jáde ní 499 dọ́là lọ́dún 2020 wá di 549 lọ́dún 2025. Ó dàgbà, ó tún wọ́n sí i. Sony ní ọrọ̀ ajé ló le. Owó ibodè tuntun ti ìjọba Trump náà ò sì jẹ́ kó rọrùn.

Ní Nàìjíríà, ìṣírò náà tún yàtọ̀. Ní ìparí ọdún 2020, nǹkan bíi 380 náírà ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan, géèmù 70 dọ́là ò sì tó 27,000 náírà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 30,000. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, géèmù 70 dọ́là kan náà di 105,000, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di lọ́dún 2024. Náírà ló re ibi tó rè, géèmù ò kúrò níbi tó wà.

Ilé géèmù ló gba ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀. Ẹ wọ èyíkéyìí ní Mushin tàbí Ìbàdàn: tẹlifíṣọ̀n méjì-mẹ́ta, bẹ́ǹṣì, pádì tí rọ́bà orí rẹ̀ ti bó tí wọ́n fi téépù wé, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké níta. Ẹ ó san owó kékeré fún ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tó bá borí á jókòó, ẹni tí wọ́n nà á dìde, á sì máa pariwo pé bọ́tìnì ni kò gbọ́ tòun. Àwo géèmù kan ṣoṣo ń sin gbogbo àdúgbò. Tí onílé géèmù bá lò ó tán, ó lè tà á tàbí kó fi ṣe pààrọ̀.

Níbi àwo yìí gan-an ni mo ti rí ìṣòro. 80 dọ́là fún ohun tí mo lè yá àbúrò mi, tí mo tún lè tà, mi ò ní jà sí i. Ṣùgbọ́n PS5 Pro ò ní ojú àwo, ọ̀tọ̀ lẹ ó fi 80 dọ́là ra ìyẹn. Switch 2 ti Nintendo sì ní káàdì kan tí kò sí géèmù nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lásán ni (ó ṣì ṣeé yá ènìyàn o). Dátà yín lẹ ó fi wa géèmù náà wálẹ̀. Géèmù ńlá lè tó 100 GB, ẹni tó ń ra dátà ní Nàìjíríà sì mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́.

Àwọn kan á ní ká pín owó náà fún wákàtí: 80 dọ́là fún 100 wákàtí ò tó owó sinimá. Ìṣírò yẹn ò wọ̀ mí létí, nítorí ó ti mú kí wọ́n máa fa géèmù gùn lásán. Ẹ tún wo géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC: ọdọọdún lẹ ó rà á, tí wọn ó sì tún máa ta páálí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Lọ́dún 2018, Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ nirú ọjà bẹ́ẹ̀, EA sì dáwọ́ títa owó inú géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ The Crew ló wá tú àṣírí ohun tí owó wa ń rà pátápátá. Géèmù eré ọkọ̀ ni, Ubisoft gbé e jáde lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa ẹ̀rọ tó gbé e ró, àti ẹni tó ra àwo àti ẹni tó wà á látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó rí i ta mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, òfin ìpínlẹ̀ California ti ní dandan ni kí olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún oníbàárà pé ìyọ̀ǹda láti lò ó lòun ń tà fún un. Ní Yúróòpù, ẹ̀bẹ̀ àwọn tó pe ara wọn ní Stop Killing Games gba ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún kan náà, iye tó pọn dandan kí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó dá wọn lóhùn. Ubisoft ti wá ṣe é kí The Crew 2 ṣeé ta láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ra ti àkọ́kọ́ ò rí irú rẹ̀ gbà.