Bí Ọ́síjìn Bá Ń Dín Kù Nínú Òkun



Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, ìyá kan bi wá léèrè pé: wọ́n ní ọ́síjìn ń dín kù nínú òkun, ṣé kì í ṣe pé èémí àwa náà ti fẹ́ tán? Ìbéèrè náà tọ́. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíńtínní tó ń léfòó nínú òkun ló ń pèsè bí ìdajì ọ́síjìn tí ohun ọ̀gbìn ń pèsè láyé.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti èémí. Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ ọ́síjìn. Kò ní tán lójú wa. Ẹja inú ìkòkò wa ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Láti nǹkan bí 1960, òkun ti pàdánù bí ìdá 2 nínú 100 ọ́síjìn inú rẹ̀. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n kò dín kù dọ́gba. Àwọn ibì kan wà tí ẹja kò lè gbé mọ́. Ooru ayé wà lára ohun tó fà á. Ẹ ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó ti gbóná, ẹ ó rí i bí gáàsì ṣe ń sá jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra.

Ìdọ̀tí ni ìdí kejì, ọwọ́ wa sì wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Ògùnpa tó gba Dùgbẹ̀ kọjá ń ṣàn lọ bá odò Ọnà, Ọnà sì dorí kọ ọ̀sà ní gúúsù. Bí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí bá wọ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ wọ́n, bí wọ́n sì ti ń jẹ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi. Omi á dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù fi ń ṣàn láti ibi ìpẹran Bódìjà wọ odò, kí ìjọba tó ní kí àwọn alápatà kó lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé ní 2018.

Ẹni tó ń sin ẹja sẹ́yìnkùlé ní Agbowó ti mọ̀ ọ́n: bí omi bá ti pẹ́ jù, ẹja á yọ ẹnu sókè láàárọ̀, á máa wá èémí. Àrọ̀ a tiẹ̀ máa rọ́jú, torí Ọlọ́hun fún un ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ẹpìyà kò ní in. Nítorí náà, ẹ má rí àrọ̀ nínú odò kan kí ẹ pè é ní omi tó mọ́.

Ànábì wa (SAW) kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi adágún. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń rọ̀, àwọn kan á gbé àpò ilẹ̀ sójú àgbàrá, àwọn mìíràn á ṣí ṣáláńgá sí i. A ti rí i lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán!

Iléyá tó ń bọ̀, ẹ gbẹ́ ihò kí ẹ tó dúńbú àgbò, kó jìnnà sí kànga. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ẹran wọ ibẹ̀, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa. Ní Ring Road àti Challenge, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti bo gbogbo àgbàlá, ẹ fi báàfù gbe ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ bẹ aládùúgbò tó ní ilẹ̀ díẹ̀.